Lílọ sí ojúbọ Inari ní Fushimi: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ sí Kyoto

Fushimi Inari Taisha ni orúkọ ojúbọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wà ní ìhà gúúsù ìlú Kyoto, lórílẹ̀-èdè Japan, ní ìsàlẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní òkè Inari. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí fọ́tò àwọn ẹnu-ọ̀nà pupa rẹ̀ lórí fóònù láìmọ̀ pé ojúbọ òrìṣà ìkórè ni. Ìrẹsì ló bí gbogbo ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn kí ẹ tó débẹ̀, ojú yín á ríran dáadáa.

Ta ni Inari?

Òrìṣà ìrẹsì, oúnjẹ àti ìkórè ni, nínú ẹ̀sìn Shinto, ẹ̀sìn àbáláyé àwọn ará Japan. Ní Fushimi, òrìṣà márùn-ún ni wọ́n ń bọ pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan yìí. Ukanomitama, tó ni irúgbìn àti oúnjẹ, ló ṣáájú wọn. Ẹlòmíì máa ń ya Inari bíi bàbá arúgbó tó gbé ìdì ìrẹsì kọ́ èjìká, ẹlòmíì á yà á bí obìnrin. Méjèèjì ni wọ́n gbà.

Bó bá jẹ́ òrìṣà ìkórè ni, kí ló dé tí àwọn oníṣòwò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Torí pé nígbà kan rí, ìrẹsì gan-an ni owó. Láyé àwọn Tokugawa, ìdílé ológun tó ṣàkóso Japan láti 1603 títí di 1868, ìrẹsì ni àgbẹ̀ fi ń san owó orí, ìrẹsì náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí jagunjagun ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí àká rẹ̀ bá kún ni olówó. Nígbà tí ọjà wá ń gbilẹ̀ nínú ìlú, àwọn tí kò mú ọkọ́ rí náà tọ òrìṣà tó ń mú àká kún lọ, wọ́n ní kó bá àwọn mú ìsọ̀ kún. Títí di òní, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá ń wá, ẹni tó ń dáná tà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò náà ń wá, ohun kan náà ni wọ́n sì ń tọrọ: kí ohun tí àwọn gbìn hù.

Ìgbà wo ni wọ́n dá a sílẹ̀?

Ọdún 711 ni wọ́n ń kà. Ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn dùn, ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Hata no Irogu. Ìrẹsì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó gbé mochi, ìrẹsì tí wọ́n gún bí iyán, kalẹ̀ láti máa ta á lọ́fà. Mochi náà bá di ẹyẹ funfun, ó fò lọ sí orí òkè, ibi tó sì bà sí ni ìrẹsì ti hù. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ojúbọ sí. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kábàámọ̀ ìwà baba wọn, wọ́n hú igi kan níbi ojúbọ náà lọ gbìn sílé: bí igi náà bá yè, oríire ni, bó bá kú, kò sí ìbùkún. Títí di òní, ní àyájọ́ tí wọ́n ń pè ní Hatsuuma nínú oṣù kejì ọdún, ojúbọ náà máa ń fún àwọn olùjọsìn ní ẹ̀ka igi sugi. Inú ìtàn yìí ló ti wá.

Ní 827, Ọba Junna dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní igi tí wọ́n gé ní òkè Inari láti fi kọ́ ilé gogoro tẹ́ńpìlì Tōji ló bí òrìṣà nínú, ni ọba bá fi Inari joyè láti tù ú. Ogun Ōnin, ogun abẹ́lé kan, sun ojúbọ náà ní 1468. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí, 1499 ni wọ́n tún un kọ́. Ẹnu-ọ̀nà gìrìwò tí ẹ máa kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń pè ní Rōmon, Toyotomi Hideyoshi, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ló kọ́ ọ ní 1589 lẹ́yìn tó ti tọrọ ìwòsàn fún ìyá rẹ̀.

Àwọn ẹnu-ọ̀nà pupa yẹn ńkọ́?

Torii ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ojúbọ Shinto tí kò ní torii, torí òun ló ń fi hàn pé ẹ ti kúrò ní ìgboro, ẹ ti wọ ilẹ̀ òrìṣà. Ohun tó mú Fushimi yàtọ̀ ni pé torii tó wà ní òkè náà tó nǹkan bí 10,000. Àwọn èèyàn ló fi wọ́n tọrẹ, wọ́n sì ti ń ṣe é láti ayé àwọn Tokugawa. Ẹlòmíì ń bẹ̀bẹ̀ kí ọjà òun tà, ẹlòmíì ń dúpẹ́ pé ó ti tà. Torii tó kéré jù lọ lójú ọ̀nà náà ń gba owó tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún yen, nítorí náà ẹni tó bá gbé ọ̀kan kalẹ̀ ti ronú jinlẹ̀.

Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, igi pupa lásán ni ẹ máa rí lára àwọn òpó. Ẹ dúró, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Apá kejì kún fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ: orúkọ ẹni tó fi tọrẹ wà lára òpó kan, ọdún àti oṣù tí wọ́n gbé e dúró wà lára èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kà náà á rí i pé òmíràn ṣì ń dán, òmíràn sì ti ṣí, ọ̀dà rẹ̀ ti pàrá, ìdí rẹ̀ tí wọ́n kùn ní dúdú sì ti ń jẹrà. Igi kì í tọ́jọ́ nínú òjò Kyoto. Wọ́n máa ń yọ èyí tó bá ti gbó, wọ́n á gbé tuntun sí i. Nígbà mìíràn ẹ máa rí àlàfo láàárín méjì, níbi tí wọ́n ti wú ògbólógbòó kúrò tí wọn ò tíì fi òmíràn rọ́pò.

Ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ń bọ ni?

Rárá o. Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀, torí pé ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kún gbogbo òkè náà. Ìránṣẹ́ Inari ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n gbà pé funfun ni àwọn ìránṣẹ́ yìí, àti pé ojú èèyàn ò lè rí wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, olè adìyẹ la mọ̀ ọ́n sí. Lójú àgbẹ̀ onírẹsì, ẹranko tó ń pa eku tó fẹ́ jẹ irè oko run ni.

Ẹ wo ẹnu àwọn ère náà dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rōmon, ọ̀kan gé kọ́kọ́rọ́ há ẹnu, kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì ni. Ẹnìkejì rẹ̀ gbé òkúta iyebíye kan tó rí roboto. Lórí òkè, ẹ máa rí èyí tó gbé ṣírí ìrẹsì sẹ́nu àti èyí tó gbé ìwé tí wọ́n ká bí ẹní. Aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn bí èyí tí a máa ń so mọ́ ọmọdé lọ́rùn tó bá ń jẹun, àwọn olùjọsìn ló ń so ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbàdúrà níbẹ̀?

Ẹ tẹríba díẹ̀ níwájú torii àkọ́kọ́ kí ẹ tó kọjá. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, torí àárín ni wọ́n gbà pé òrìṣà ń gbà. Níbi omi ìwẹ̀nùmọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ife ọlọ́wọ́ gígùn tó wà níbẹ̀, ẹ bu omi, ẹ dà á sí ọwọ́ òsì. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ da omi sí ọ̀tún. Ẹ wá da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi yọ ẹnu, ẹ tú u sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn lọ. Ife ò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹ gbé ife náà dúró kí omi tó kù lè ṣàn sí ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà. Bí kò bá sí ife, ẹ ṣan ọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ó ti tó.

Níwájú gbọ̀ngàn ńlá, ẹ sọ owó ẹyọ sínú àpótí. Iye tó bá wù yín ni. 5 yen ni ọ̀pọ̀ máa ń sọ. Ẹ mi okùn tí agogo so mọ́. Ẹ tẹríba jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ tẹnu yín sínú, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Kò gba kí ẹ gbọ́ èdè Japan. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́.

Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè lọ?

Ẹ lè lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín lẹ́sìn, wọn ò sì ní fipá mú yín pàtẹ́wọ́ tàbí ju owó. Ọ̀pọ̀ àlejò kàn ń gun òkè, wọ́n ń wo nǹkan, wọ́n ń lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò bá gbà á láyè láti tẹríba fún òrìṣà kó má tẹ̀ ẹ́, kó dúró jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó jẹ́ kí àwọn tó wá gbàdúrà gbàdúrà. Ìyẹn kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ohun tó ń dùn mí ni ká máa dúró níwájú pẹpẹ, ká máa pariwo, ká máa ya ara wa ní fọ́tò nígbà tí ìyá kan ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn wa.

Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?

Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í tì, tọ̀sán tòru. Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ààbò àti pátákó àdúrà nìkan ló máa ń tì ní ìrọ̀lẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà kó tó wọ Japan, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Bí ẹ bá ti dé Kyoto, ó ti rọrùn. Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kyoto, ẹ wọ ọkọ̀ JR tó ń lọ sí ọ̀nà Nara, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó kejì, tó ń jẹ́ Inari. Kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ rí i dájú pé èyí tó ń dúró ní gbogbo ibùdó ni ẹ wọ̀, torí èyí tó yára kì í dúró níbẹ̀. Ẹ jáde báyìí ni torii àkọ́kọ́ wà níwájú yín. Ọkọ̀ Keihan náà ní ibùdó tirẹ̀, Fushimi-Inari, ẹ máa wá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n gun òkè dé orí?

Kì í ṣe dandan, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ojúbọ náà wà lójú tèmi. Òkè náà ga tó mítà 233, ọ̀nà tó yí i ká tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ó sì ń gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀ jù, nítorí náà bàtà tó bá gbá ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé Senbon Torii, níbi tí àwọn torii ti sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà. Bí ẹ bá lè dé Yotsutsuji, oríta tó wà ní ìdajì òkè, ẹ máa rí ìlú Kyoto nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èrò á ti dínkù gan-an nígbà náà.

Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ẹ ti máa rí otsuka. Òkúta ni, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ òrìṣà sí, orúkọ tí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ olùjọsìn kọ̀ọ̀kan fi ń pe Inari tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó sórí ara wọn, ewédò bò wọ́n, torii kéékèèké tí ò ju ọwọ́ èèyàn lọ sì dúró tì wọ́n. Mo wo ìyá àgbàlagbà kan níbẹ̀: ó gbá ewé kúrò níwájú òkúta tirẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó gbé tófù (wàrà sóyà) dídín kan àti ife kékeré sake, ọtí ìrẹsì, kalẹ̀, ó gbàdúrà tí ò pẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó kó tófù náà padà sínú báàgì kí àwọn kannakánná má bàa tú u ká. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú àwa tá à ń kọjá. Ohun tó ń ṣe yẹn ni gbogbo òkè náà wà fún.

Mo gbọ́ pé òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn gbé wò. Níbo ló wà?

Lẹ́yìn Senbon Torii ni, ní ojúbọ kékeré tó ń jẹ́ Okusha. Fìtílà òkúta méjì ló wà níbẹ̀, òkúta roboto kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kọ́kọ́ ro ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ wá gbé òkúta náà. Bó bá fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun náà á ṣẹ. Bó bá wúwo jù, ó ṣì kù díẹ̀.

Àsìkò wo ló dára jù?

Àárọ̀ kùtùkùtù, kí aago méje tó lù. Láti aago mẹ́wàá lọ, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà rìn ní Senbon Torii. Alẹ́ náà dákẹ́, iná wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìmàdò ń bẹ ní òkè náà, nítorí náà ẹ má dá lọ síbi tó jìn. Oṣù kẹfà jẹ́ àsìkò òjò. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru rẹ̀ le. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún, àwọn tó ń wá síbẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ràn èrò nìkan ni kó lọ nígbà náà.

Ṣé wọ́n ṣì ń gbin ìrẹsì níbẹ̀ lóòótọ́?

Wọ́n ṣì ń gbìn ín. Ìbéèrè yìí ló wù mí jù láti dáhùn. Ojúbọ náà ní oko ìrẹsì kékeré kan nínú ọgbà rẹ̀, ọdún àwọn àlùfáà ibẹ̀ sì ń yí pẹ̀lú oko yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, wọ́n á fún irúgbìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n á ṣe ọdún ìgbìn tí wọ́n ń pè ní Taue-sai: àwọn obìnrin tó wọ aṣọ àgbẹ̀ àtijọ́ á wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbin ọ̀dọ́ ìrẹsì ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni orin ààfin ìgbàanì á máa dún, tí àwọn ọmọbìnrin ojúbọ á sì máa jó ijó ìgbìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, wọ́n á kórè rẹ̀ pẹ̀lú dòjé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, wọ́n á ṣe Hitaki-sai, ọdún iná. Ìrẹsì ti wọlé, ó wá ku koríko rẹ̀. Wọ́n á dáná sun koríko náà láti dúpẹ́ àti láti dá agbára òrìṣà náà padà sórí òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kó àwọn igi pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn láti gbogbo ilẹ̀ Japan ti kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí, wọ́n á jó wọn nínú iná ńlá mẹ́ta, bí àwọn àlùfáà ti ń ka àdúrà. Èéfín rẹ̀ á bo gbogbo àgbàlá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, wọ́n á gbé ìrẹsì tuntun látinú oko náà síwájú òrìṣà ní Niiname-sai, ọjọ́ kan náà tí Ọba Japan ń fi ìrẹsì tuntun rúbọ ní ààfin Tokyo.

Bí ẹ bá lágbára láti mú ọjọ́ tó wù yín, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé ìgbà ìtànná òdòdó ló ń fa ọ̀pọ̀ lọ sí Kyoto, ó sì lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ ìtànná wà káàkiri Japan. Ojúbọ tó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun tó fi ń bọ òrìṣà rẹ̀ ò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo lè jẹ níbẹ̀?

Inarizushi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ìrẹsì sísè tí wọ́n fi ọtí kíkan àti ṣúgà díẹ̀ pò, tí wọ́n kì sínú àpò tófù dídín. Tófù yìí ni wọ́n gbà pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn jù, òun náà ló wà lórí àwo udon, núdù tó nípọn, tí wọ́n ń pè ní kitsune udon; kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni kitsune. Ẹ ó tún rí ẹyẹ ológoṣẹ́ tí wọ́n yan lórí igi. Ó ya àwọn kan lẹ́nu, àmọ́ ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì lóko ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà òrìṣà ìrẹsì. Ẹ jẹ oúnjẹ yín tán níwájú ìsọ̀ tí ẹ ti rà á.

Kí ni mo lè rà bọ̀ wálé?

Oògùn ààbò tí wọ́n rán sínú àpò aṣọ wà. Pátákó àdúrà tó rí bí orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wà, òfìfo ni ojú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa ya ojú àti ẹnu sí i, kí ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ yín sí ẹ̀yìn. Ìyẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e kọ́.

Ìyá mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Ṣé kí n mú wọn lọ?

Ẹ mú wọn lọ. Rōmon, gbọ̀ngàn ńlá àti àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó gbajúmọ̀ jù wà ní ìsàlẹ̀, wọn ò sì jìnnà sí ibùdó ọkọ̀. Òkè nìkan ni kò ṣe é gbé kẹ̀kẹ́ arọ dé.

Mi ò ní dé Kyoto. Ṣé Inari wà níbòmíì ní Japan?

Nǹkan bí 30,000 ojúbọ ló jẹ́ ti Inari káàkiri Japan, Fushimi sì ni olórí wọn. Òmíràn tóbi, òmíràn ò ju àpótí kékeré kan lọ lórí òrùlé ilé ìtajà tàbí láàárín ilé méjì ní Tokyo. Ní ìpínlẹ̀ Aichi, Toyokawa Inari gbajúmọ̀ gan-an, àmọ́ tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ni ní tiẹ̀, nítorí náà wọn kì í pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ kàn pa ọwọ́ pọ̀, ẹ tẹríba. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí torii pupa kékeré àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ méjì tó kọjú síra wọn, Inari ló wà níbẹ̀, ẹ sì lè dúró kí i.